Ìbéèrè tó ń wọlé jù nípa ṣíṣe mọ́dẹ̀lì ilé Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ fún Cities: Skylines

Géèmù wo gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé?

Cities: Skylines àkọ́kọ́ ni, èyí tí Colossal Order ti orílẹ̀-èdè Finland ṣe, tí Paradox Interactive sì gbé jáde ní 2015. Ti orí kọ̀ǹpútà là ń sọ. Ẹni tó ń gbá a lórí PlayStation tàbí Xbox lè fi ohun tí géèmù bá fún un kọ́ ìlú, ṣùgbọ́n kò lè gbé mọ́dẹ̀lì tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wọ inú rẹ̀.

Cities: Skylines II tó jáde ní 2023 ní ìlànà tirẹ̀. Ohun tó wà níbí nípa wíwọn ilé, òrùlé àti àwọ̀ ògiri á wúlò fún un. Orúkọ fáìlì àti bí a ṣe ń kó wọn wọlé kò bá a mu.

Kí ni mo nílò kí n tó bẹ̀rẹ̀?

Blender fún mọ́dẹ̀lì, GIMP tàbí Krita fún àwòrán. Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Géèmù fúnra rẹ̀ láti orí Steam. Fóònù tí kámẹ́rà rẹ̀ mọ́. Téèpù oní-mítà 5, tàbí oní-mítà 30 bí ẹ bá rí i yá lọ́wọ́ bíríkìlà. RAM 8GB tó fún Blender. Géèmù gan-an ló ń jẹ RAM, torí náà ẹni tó bá fẹ́ kó ọ̀pọ̀ ilé àfọwọ́ṣe sínú ìlú kan, 16GB ni kó máa wò.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Blender máa ń tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Bí iná bá lọ lójijì, ẹ ṣí i padà, ẹ lọ sí File, Recover, Auto Save. Ẹ má gbọ́kàn lé GIMP bẹ́ẹ̀ o. Ctrl+S ni ẹ máa tẹ̀ ṣáá.

Ilé wo ló dáa kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Búńgálò face-me-I-face-you: ilẹ̀kùn kan níwájú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàrin, yàrá mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin lọ́tùn-ún lósì, páànù lórí. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ṣàgámù, kò sí àdúgbò tí kò sí. Mọ́dẹ̀lì kan ṣoṣo tí ẹ fún ní àwọ̀ mẹ́rin á kún ìtún (àdúgbò) kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Ẹ má fi ààfin bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi ààfin bẹ̀rẹ̀, àárín ọ̀nà ló sábà máa ń jókòó sí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ gíga ilé tí n kò lè gùn?

Búlọ́ọ̀kù ni ẹ kà. Ìbáà jẹ́ oní-íǹṣì 9 tàbí oní-íǹṣì 6, búlọ́ọ̀kù wa gùn ní mìlímítà 450, ó sì ga ní 225. Bí ẹ bá fi símẹ́ńtì àárín wọn kún un, kóòsì kan súnmọ́ sẹ̀ǹtímítà 25, ìyẹn ni pé kóòsì mẹ́rin jẹ́ mítà kan. Ilé tí wọ́n rẹ́ níwájú, tí wọn ò rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn, pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn kí ẹ kà á.

Bí wọ́n bá ti rẹ́ gbogbo rẹ̀, tàbí tó jẹ́ ilé amọ̀, ilẹ̀kùn ni ẹ lò. Ilẹ̀kùn tó wọ́pọ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7, ìyẹn mítà 2.1. Ti ilé àtijọ́ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ fi téèpù wọn ilẹ̀kùn kan tọwọ́ yín tó, kí ẹ wá dúró gbágbáágbá sí iwájú ilé kí ẹ yà á. Bí ilẹ̀kùn oní-mítà 2.1 bá gba pixel 300 nínú fọ́tò, tí ògiri láti ilẹ̀ dé abẹ́ òrùlé sì gba 500, ògiri yẹn ga ní mítà 3.5.

Ẹ sún sẹ́yìn dáadáa kí ẹ tó yà á. Bí ẹ bá súnmọ́ ọn jù, ògiri á tẹ̀ létí fọ́tò, kò sì ní ṣeé fi ṣe texture, ìyẹn àwòrán tí a ń fi bo ara mọ́dẹ̀lì. Àárọ̀ kùtù, ọjọ́ tí ìkùukùu bo oòrùn, tàbí ìgbà ọyẹ́ ló dáa jù. Oòrùn ọ̀sán máa ń ju òjìji òrùlé sára ògiri, géèmù náà á tún ju tirẹ̀ sí i, ilé kan á wá ní òjìji méjì. Ní ti gígùn àti fífẹ̀, Google Earth ní irinṣẹ́ ìwọnlẹ̀, àmọ́ òrùlé ló ń fi hàn yín kì í ṣe ògiri. Ẹ yọ ibi tí òrùlé fi yọ síta, nǹkan bíi mítà 0.6 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kí onílé kí ẹ tó yọ fóònù. Bàbá tó jókòó síwájú ilé kò mọ̀ bóyá géèmù lẹ ń ṣe tàbí ẹ wà lára àwọn tó fẹ́ fi ọ̀nà ẹ̀bùrú ta ilé wọn. Ẹ fi ilé mìíràn tó ti wọ géèmù hàn wọ́n lórí fóònù. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn fúnra wọn ló máa ní kí ẹ wá ya ẹ̀yìnkùlé.

Kí ló ń mú kí ilé jọ ti Ìjẹ̀bú, tí kò fi ní jọ ti ibikíbi?

Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé iṣẹ́ ọnà ara ògiri ni. Rárá o. Òrùlé ló kọ́kọ́ ń sọ ibi tí ilé ti wá, ìwọ̀n iwájú ilé ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìyẹn ni bí ilé ṣe jókòó sí ojú títì. Nínú géèmù, òkè ni èèyàn ti ń wo ìlú. Ẹni tó bá fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe ọnà etí fèrèsé, tó wá fi wákàtí kan ṣe òrùlé, ibi tí ojú kò dé ló náwó sí.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí gbogbo èèyàn fẹ́ ṣe, èyí tó tẹ̀lé àṣà àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé, di púpọ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ lẹ́yìn ogun Ìmágbọ̀n ti 1892, nígbà tí owó òwò, kòkó àti obì ń wọlé. Ọ̀tún rẹ̀ àti òsì rẹ̀ bára mu: ẹnu ọ̀nà wà láàrin, fèrèsé wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, bákónì wà lókè lórí òpó, òrùlé sì dà sí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orúkọ ẹni tó kọ́ ọ tàbí ọdún tí wọ́n kọ́ ọ sábà máa ń wà lókè iwájú, tí wọ́n fi símẹ́ńtì ya. Gíga àjà kan láti ilẹ̀ tó mítà 3.3 sí 3.6. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 2.7, ilé estate Èkó ni yóò jọ, kò sí iye ọnà tí ẹ lè tò sí i tó máa tún un ṣe.

Páànù àtijọ́ kò ga: ìwọ̀n igun rẹ̀ wà láàrin 25 àti 30. Ilé tuntun tí wọ́n fi long-span bò ló ń ga fíofío, 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀ sórí ilé kan.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká sọ: ìtún tó jẹ́ pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà nìkan ló wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀, irọ́ ni. Nínú ilé mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí méjì jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, kí márùn-ún jẹ́ búńgálò, kí méjì jẹ́ ilé tuntun olódi gíga, kí ọ̀kan jẹ́ ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán, tí ọ̀pá irin ṣì ń yọ lórí òpó rẹ̀. Ilé àkọ́ìtán yẹn ni ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ ṣe, òun ló sì ń mú kí ìlú jọ ìlú.

Ṣé pẹ́lọ́ọ̀tì wa bá ìwọ̀n géèmù mu?

Kò bá a mu rẹ́gí. Mítà 8 sí mítà 8 ni ojú ilẹ̀ kan nínú géèmù, ilé tó ń hù fúnra rẹ̀ (èyí tí géèmù ń kọ́ sórí ilẹ̀ tí ẹ bá yà sọ́tọ̀) kò sì lè ju ojú mẹ́rin sí mẹ́rin lọ, ìyẹn mítà 32 sí 32. Pẹ́lọ́ọ̀tì wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, tí í ṣe mítà 18.3 sí 36.6. Háàfù pẹ́lọ́ọ̀tì jẹ́ 18.3 sí 18.3.

Ẹ̀yìnkùlé ni kí ẹ gé, ẹ má fọwọ́ kan ilé. Búńgálò tó fẹ̀ ní mítà 10 sí 13 á wọ ojú méjì láìní wàhálà. Ẹ fún un ní ojú 2 sí 3. Ilé àtijọ́ kì í jìnnà sí títì, torí náà ẹ gbé ògiri iwájú sí mítà kan tàbí kan àbọ̀ sí etí ilẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sáàárín gbùngbùn, tí ẹ wá gbin koríko yí i ká, ìlú òyìnbó lẹ kọ́ yẹn.

Onígun mẹ́ta mélòó ni kí ilé kan ní?

Onígun mẹ́ta kéékèèké ni a ń tò pọ̀ di mọ́dẹ̀lì; bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni géèmù ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Búńgálò: 500 sí 1,500. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú bákónì: 2,000 sí 4,000. Ààfin tàbí mọ́ṣáláṣí ńlá tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú ìlú lè dé 10,000. Mọ́dẹ̀lì tí vertex rẹ̀ (ṣóńṣó igun àwọn onígun mẹ́ta náà) bá ju bíi 65,000 lọ kò ní wọlé dáadáa rárá, àmọ́ ẹni tó bá dé ibẹ̀ ti ṣìnà tipẹ́.

Ohun tó bá yí ìrísí ilé padà tí ẹ bá wò ó láti òkèèrè ni kí ẹ fi onígun mẹ́ta ṣe: òrùlé, òpó, bákónì, àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Fèrèsé lúúfà, ìlẹ̀kẹ̀ símẹ́ńtì etí fèrèsé, àwọn irin ojú fèrèsé, orí texture ni gbogbo wọn ń gbé. Ojú ọ̀nà tó tẹ̀ lókè kò nílò ju ìgé 8 (apá tí a pín ìtẹ̀ rẹ̀ sí) lọ. Òpó kéékèèké bákónì ló ń jẹ onígun mẹ́ta jù: bí ẹ bá fi ìgé 16 ṣe òpó 40, ẹ ti ná gbogbo owó yín. Ìgé 6 tó, tàbí kí ẹ yà wọ́n sórí pẹpẹ kan, kí ẹ fi fáìlì _a (àwòrán tó ń sọ ibi tó di ihò) gé àárín wọn.

Báwo ni mo ṣe lè ṣe páànù tó jọ páànù?

Ẹ má fi mọ́dẹ̀lì ṣe ìgbì ara rẹ̀. Ojú pẹlẹbẹ ni kí òrùlé jẹ́. Texture àti normal map (àwòrán tó ń mú kí ojú pẹlẹbẹ dà bí èyí tó rì tó sì yọ) ni ìgbì ń gbé.

Ìṣirò tó ń da iṣẹ́ rú wà níbí. Láti ìgbì kan dé èkejì lára páànù jẹ́ íǹṣì 3, bíi sẹ̀ǹtímítà 7.6. Texture oní-1024 tó bo mítà 16 ní pixel 64 fún mítà kan, ìgbì kan á gba pixel 5, ìyẹn dára. Bí ẹ bá lo 512 fún mítà 16 yẹn kan náà, ìgbì kan kò ní ju pixel méjì àbọ̀ lọ, òrùlé á wá máa hó yẹ̀rẹ̀yẹ̀rẹ̀ lójú bí kámẹ́rà bá ń rìn. Texture ńlá kọ́ ni àtúnṣe rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ ya ìgbì náà ní fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 15. Láti òkè, kò sẹ́ni tó máa kà á.

Páànù kì í dógùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí ìṣó ló ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ibi tí páànù kan gbé gun èkejì, lẹ́yìn náà ibi tí òrùlé méjì ti pàdé tí omi ń gbà kọjá. Páànù ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 8 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2.4, torí náà ìlà ìpàdé gbọ́dọ̀ hàn ní bíi mítà 2.2 sí 2.2. Ẹ fi páànù tuntun kan tàbí méjì tó ń dán sáàárín àwọn tó ti pọ́n, ibi tí káfíńtà ti pààrọ̀ èyí tí atẹ́gùn ṣí. Lórí _s, ìyẹn fáìlì tó ń sọ ibi tó ń dán, kí tuntun yẹn súnmọ́ funfun, kí ibi tó dógùn-ún súnmọ́ dúdú. Ọ̀pọ̀ ń gbàgbé apá yìí, páànù tó ti jẹ tán á wá máa kọ mànà lóòrùn.

Àwọn fáìlì wo ni géèmù ń retí, orúkọ wo ni mo fẹ́ sọ wọ́n?

Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, ìparí rẹ̀ ló yàtọ̀. Ká ní búńgálò ni, mọ́dẹ̀lì rẹ̀ á jẹ́ bungalo.fbx. bungalo_d.png ni àwọ̀ rẹ̀, _n ni normal map, _s ni dídán, _a ni ibi tí a gé (funfun dúró, dúdú di ihò), _c ni ibi tí géèmù lè yí àwọ̀ rẹ̀ padà, _i ni iná alẹ́. Ti LOD (mọ́dẹ̀lì kékeré tí géèmù ń fi hàn láti òkèèrè) á ní _lod láàrin: bungalo_lod.fbx àti bungalo_lod_d.png. Ẹ má fi àmì ohùn sí orúkọ fáìlì, ẹ má sì fi àyè sílẹ̀ láàrin rẹ̀.

Ìwọ̀n texture mọ́dẹ̀lì ńlá gbọ́dọ̀ jẹ́ 256, 512, 1024 tàbí 2048; ti LOD lè kéré sí i. Ìbú àti òró lè yàtọ̀, bíi 1024 sí 512. Kì í ṣe dandan kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé. _d, _s àti _c tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ògiri mi mọ́ jù, ó dà bíi ilé tí wọ́n kọ́ lánàá. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ wa pupa, ilé tí kò ní gọ́tà òrùlé sì ń da omi sílẹ̀ ní tààrà. Gbogbo òjò ló ń ta ẹrẹ̀ pupa sára ògiri dé bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí 60. Àwọ̀ yẹn nípọn nísàlẹ̀, ó ń fẹ́lẹ́ bó ṣe ń gòkè, ó sì ń dáwọ́ dúró níwájú ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi símẹ́ńtì tẹ́. Ohun kan ṣoṣo yìí ń ṣe ju gbogbo ìyókù lọ.

Lẹ́yìn náà, omi dúdú tó ṣàn wálẹ̀ lábẹ́ igun fèrèsé kọ̀ọ̀kan àti lábẹ́ ilẹ̀ bákónì. Kí wọ́n má gùn bákan náà.

Fún ilé àtijọ́, ẹ rántí pé símẹ́ńtì wọ́n nígbà yẹn. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ wá kí ilé iṣẹ́ Ewékorò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960. Ògiri amọ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ilé wọ̀nyẹn, tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ lóde. Ibi tí símẹ́ńtì bá ti já, amọ̀ pupa ló yẹ kó hàn, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Ẹni tó bá ya búlọ́ọ̀kù sí abẹ́ rẹ̀, bíríkìlà kan á rí i, á rẹ́rìn-ín.

Kí _c bo ògiri nìkan. Bí ẹ bá jẹ́ kó kan ẹrẹ̀, òrùlé tàbí ilẹ̀kùn, ilé aláwọ̀ ewé á ní ẹrẹ̀ aláwọ̀ ewé. Àwọ̀ mẹ́rin ni Asset Editor, irinṣẹ́ inú géèmù tí a fi ń kó mọ́dẹ̀lì wọlé, ń gbà: a fara mọ́ funfun tó ti pọ́n díẹ̀, àwọ̀ ìyeyè tó ti ṣá, àwọ̀ ewé fífẹ́lẹ́ àti pupa rẹ́súrẹ́sú.

Báwo ni mo ṣe ń gbé e láti Blender dé inú géèmù?

Kí gbogbo ilé jẹ́ ohun kan ṣoṣo, pẹ̀lú material (ètò àwọ̀ ara rẹ̀) kan ṣoṣo. Ilẹ̀ wà ní Z = 0 (gíga òdo), origin (ojú ibi tí Blender ti ń wọn ilé náà) wà láàrin. Ẹ tẹ Ctrl+A, kí ẹ yan All Transforms. Ẹ sọ gbogbo ojú di onígun mẹ́ta. Ẹ fa ògiri ìsàlẹ̀ lọ sí abẹ́ ilẹ̀ ní bíi mítà 2, torí ibi tí ilẹ̀ bá ti dà, ìpìlẹ̀ á yọ síta, ilé á sì dà bí èyí tó ń fò.

Ẹ fi FBX pa mọ́ pẹ̀lú àwọn texture sínú fódà AppData\Local\Colossal Order\Cities_Skylines\Addons\Import. Nínú géèmù, ẹ ṣí Asset Editor, ẹ mú ilé kan tó jọ tiyín ní irú àti ìwọ̀n gẹ́gẹ́ bí àwòṣe (ilé gbígbé kékeré fún búńgálò), kí ẹ wá mú mọ́dẹ̀lì yín nínú àkójọ. Ẹ yẹ Scale àti ìyípo wò kí ẹ tó tẹ Continue, torí kò sí ààyè àtúnṣe lẹ́yìn ìyẹn àfi kí ẹ kó o wọlé lọ́tun. Tó bá ti tán, ẹ fi pamọ́, fáìlì .crp rẹ̀ á wà nínú Addons\Assets.

Ilé mi wọlé ní kékeré tí ojú ò rí, tàbí ó kọ ẹ̀yìn sí títì.

FBX ń fi sẹ̀ǹtímítà ka nǹkan, Blender ń fi mítà kà á. Ibẹ̀ ni ìlọ́po 100 ti ń wọlé. Ẹ kọ 100 sí Scale nínú géèmù, tàbí kí ẹ yan FBX Units Scale lábẹ́ Apply Scalings ní Blender. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni o, ẹ má ṣe é pọ̀.

Èyí tó kọ ẹ̀yìn sí títì, ẹ yí i ní 180 lójú ìkówọlé.

Apá kan ògiri mi kò sí, mo ń rí inú ilé.

Ojú tó kọjú sódì ni. Géèmù kì í ya ẹ̀yìn ojú. Ní Blender, ẹ tan Face Orientation: gbogbo ohun tó bá pupa ló kọjú sódì. Ẹ mú gbogbo rẹ̀, ẹ tẹ Shift+N.

Etí páànù tó yọ síta lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàtọ̀. Ojú kan ṣoṣo ló ní, torí náà bí kámẹ́rà bá wálẹ̀, kò ní hàn láti ìsàlẹ̀. Ẹ da ojú náà kọ, kí ẹ yí ẹ̀dà rẹ̀ padà kó kọjú sílẹ̀.

Ara ilé ń ṣẹ́jú pàkápàká bí mo bá sún sẹ́yìn.

Ojú méjì ló wà níbì kan náà, géèmù kò mọ èyí tí yóò yà síwájú. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ níbi fèrèsé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, àti pátákó ìpolówó gàrí níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fà á síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 5 ó kéré tán. Sẹ̀ǹtímítà kan kò tó láti òkèèrè. Tàbí kí ẹ gé ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò pátápátá, tó tún dín onígun mẹ́ta kù.

Ìgbì páànù mi rì sínú dípò kó yọ síta.

Normal map yín jẹ́ ti DirectX, ti OpenGL ni géèmù yìí ń lò. Ẹ ṣí i ní GIMP, ẹ yí green channel nìkan padà sódì. Èyí tí ẹ bá ti Blender ṣe kì í ní wàhálà yìí.

Láti òkèèrè, ilé mi ń di nǹkan mìíràn. Ṣé LOD ni?

Òun ni. Bí ẹ kò bá ṣe LOD, géèmù á gé mọ́dẹ̀lì yín fúnra rẹ̀, kò sì mọ òrùlé yàtọ̀ sí ògiri. Bákónì á bọ́, òrùlé á lu.

Ẹ fọwọ́ ṣe é: àpótí kan fún ara ilé, òrùlé oníhà mẹ́rin lórí rẹ̀, pẹpẹ kan fún bákónì. Búńgálò kò yẹ kó ju onígun mẹ́ta 60 lọ, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì 120. Texture rẹ̀ jẹ́ 128 tàbí 256. Ẹ fi Bake ní Blender, pẹ̀lú Selected to Active, kó àwọ̀ láti orí ńlá sórí kékeré, kí àwọ̀ méjèèjì má baà yàtọ̀.

Ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn nìyí: lórí mọ́dẹ̀lì ńlá, UV (bí a ṣe tẹ́ ojú mọ́dẹ̀lì sórí texture) lè jáde kúrò nínú àpótí 0 sí 1, kí texture ògiri máa tún ara rẹ̀ ṣe. Lórí LOD, kò gbọ́dọ̀ jáde, nítorí géèmù ń kó texture LOD gbogbo ilé jọ sórí àwòrán ńlá kan. Bí tiyín bá jáde, àwọ̀ ilé ẹlòmíràn ni yóò gbé wọ̀.

Mo fẹ́ ṣe agbo ilé àtijọ́ tó ní àgbàlá láàrin. Báwo ni?

Ojú 3 sí 3, mítà 24 sí 24, tó fún kékeré. Ògiri amọ̀ nípọn, ẹ fún un ní sẹ̀ǹtímítà 40, torí sísanra yẹn ń hàn lẹ́nu ọ̀nà. Fèrèsé òde kì í pọ̀. Inú àgbàlá ni yàrá kọjú sí. Òrùlé rẹ̀ dà síta, ó tún dà sínú, kí òjò lè bọ́ sí àgbàlá níbi tí ìkòkò omi wà. Apá tó dà sínú yẹn ni ẹ máa rí láti òkè ju ohunkóhun lọ. Fún òrùlé ewé, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 sí sísanra etí rẹ̀. Ewé tó tẹ́ pẹlẹbẹ bíi páànù kò jọ nǹkan kan.

Ilẹ̀ àgbàlá: ẹ má fi mọ́dẹ̀lì bò ó. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ géèmù hàn, kí ẹ yan gravel dípò pavement. Àwọ̀ gravel tẹ̀lé map theme (ètò ìrísí ilẹ̀ tí ẹ yàn fún ìlú), torí náà ẹ lo theme tí ilẹ̀ rẹ̀ pupa.

Ṣé kí n lẹ táǹkì omi, kànga àti jẹnẹrétọ̀ mọ́ ara ilé?

Rárá. Ẹ ṣe wọ́n ní prop (ohun kékeré tí a ń tò sí àyíká ilé) lọ́tọ̀, kí ẹ tò wọ́n síbẹ̀ nínú Asset Editor. Táǹkì dúdú kan lórí ẹsẹ̀ irin, tó ní onígun mẹ́ta 200, á sin ogún ilé.

Ààfin, ilé Òṣùgbó àti ojúbọ ńkọ́? Ṣé ó ní ohun tí kò yẹ kí n ṣe?

Ìta ààfin Awùjalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ti Akarigbò ní Ṣàgámù, ojú gbogbo ayé ló wà. Ẹ ṣe é gẹ́gẹ́ bí unique building, ẹyọ kan ṣoṣo nínú ìlú. Gbàgede Ojúde Ọba, tí wọ́n ń lò ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, dára ní park: ilẹ̀ gbalasa ni kí ẹ jẹ́ kó jẹ́, nítorí ẹṣin àti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà) nílò àyè, ẹ má fi igi kún un.

Ilé Òṣùgbó àti ojúbọ, ìta nìkan ni o. Ẹ má ya inú rẹ̀, ẹ má ṣe mọ́dẹ̀lì ohun èlò wọn, ẹ má sì yọ kámẹ́rà níbẹ̀ láìgba àṣẹ. Ẹni tó bá kàn fẹ́ kí ìtún òun ní irú ilé bẹ́ẹ̀ lè ṣe èyí tí kò jọ ti ìlú kankan ní pàtó.

Orúkọ ìdílé tó wà lára ògiri àti ibojì iwájú ilé: ẹ pa orúkọ rẹ́ kúrò lára texture kí ẹ tó gbé e sórí Steam Workshop, níbi tí àwọn èèyàn ti ń pín ohun tí wọ́n ṣe. Ọdún tí wọ́n kọ́lé lè dúró.

Ṣé mo lè ṣe Erédò Sùngbọ́?

Ó ṣòro, ó sì ní ìdí. Erédò, yàrà àti òkìtì àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, gùn ju kìlómítà 160 lọ, àwòrán ilẹ̀ géèmù kò sì ju kìlómítà 17.28 lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Apá kan ṣoṣo ni ẹ lè gbé wọlé, bíi èyí tó wà lágbègbè Òkè-Ẹrì.

Ìṣòro tó le jù ni pé ojú kan lórí ilẹ̀ géèmù fẹ̀ ní mítà 16. Yàrà tóóró tí ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán, tí gíga láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé orí òkìtì lè tó mítà 20, kò ṣeé fi irinṣẹ́ ilẹ̀ gbẹ́. Bí ẹ bá gbìyànjú, àfonífojì tó dà díẹ̀díẹ̀ ni yóò jáde. Ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́: ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ní fífẹ̀ mítà 48 ní Map Editor, kí ẹ wá fi mọ́dẹ̀lì ògiri ilẹ̀ pupa dí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọnú, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní gígùn mítà 16, kó ṣẹ́kù bíi mítà 10 láàrin. Ẹ ṣe ẹyọ mẹ́ta tí ojú wọn yàtọ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn, torí ẹyọ kan ṣoṣo tó ń tún ara rẹ̀ ṣe á hàn kíá. Kí orí wọn wọ abẹ́ ilẹ̀ òkìtì ní mítà kan, kí àlàfo má baà yọ. Ìsàlẹ̀ ògiri yẹn tutù, ó sì ní àwọ̀ ewé. Òkè rẹ̀ pupa. Igi ni kí ẹ fi bo òkìtì méjèèjì, kí ẹ̀ka wọn pàdé lókè yàrà, ìyẹn á sì bo ibi tí ẹyọ kan ti kan èkejì.